Fíìmù Tí A Yìn Létí Bàbá Mi

Yàrá Òkè, Ilé Káfíńtà,
Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìkàwé.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀gá Fíìmù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ilé ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé èyí àbíkẹ́yìn ti wá ń jẹun báyìí? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bi ọ́ pé ta ló kú tí o fi ń sunkún níwájú tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀sán gangan? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Ti ara nìkan ni mo sọ yẹn o.

Mo rí fíìmù tí o fi ránṣẹ́ gbà, èyí tí ìyá àti ọmọ ti ń palẹ̀ ilé wọn mọ́ kí wọ́n tó tà á. O ní ìnujú mẹ́rin ni ìwọ̀n ẹkún rẹ̀, kí n má ṣe jókòó tì í láì gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wò ó dé ibi tí ìyá ti ń ka ṣíbí sínú páálí, tó mú ọ̀kan, tó wò ó, tó sì dá a padà sínú dúróà. Ibẹ̀ ni mo ti pa á. Mo mọ̀ pé wàá bínú, torí èmi gan-an ni mo máa ń sọ pé ẹni tó bá pa fíìmù ní ìdajì, olè ni. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń bọ̀ nínú ilé wa, ọ̀rẹ́ mi, kò sì jẹ́ kí n lè wo ẹni tó ń palẹ̀ mọ́. Jọ̀ọ́, wá ibi jókòó sí kí o tó ka ìyókù.

Ṣé o rántí fíìmù atukọ̀? Wo ẹni tí mo ń bi! Ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò sọdá odò, tí dókítà sọ fún un pé àìsàn rẹ̀ ti wọra, tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, tó kàn ń kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣeré, títí ọjọ́ tó fi lọ tí kò padà. Ní ìparí, obìnrin náà ń wa ọkọ̀ nínú ìkùukùu, kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Ìnujú márùn-ún la fún un, a ò fún fíìmù kankan tó bẹ́ẹ̀ rí. O kọ odidi ojú-ewé mẹ́ta sí mi nípa ojú obìnrin yẹn. O ní àlàáfíà ló wà níbẹ̀, o ní ẹni tí wọ́n fẹ́ràn dé góńgó nìkan ló ń ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Èmi náà gbà, mo tún bù kún un. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran; òwe tí a jọ máa ń pa lẹ́yìn gbogbo fíìmù nìyẹn, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, a sunkún ni, a ò ríran.

Ohun tí n kò sọ fún ọ ni pé Bàbá mi bá mi wò ó. O mọ Bàbá, tí wọ́n máa ń pe àwọn fíìmù wa ní ọjà ẹkún, tí wọ́n á gba ìsàlẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn lọ máa fá pákó ní kété tí orin arò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta yẹn, ní ìparí oṣù kẹrin, wọ́n wọlé, wọ́n gbọn ẹ̀rún igi kúrò lára ṣòkòtò, wọ́n jókòó. Wọn ò dìde títí ó fi parí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bi ara mi pé kí ló dé.

Nígbà tó parí, wọ́n ní, “Ìyàwó yẹn, ṣé kò bínú?”

Mo ní, “Ẹ wojú ẹ̀ kẹ̀, Bàbá. Inú ẹ̀ tutù. Ìfẹ́ tòótọ́ nìyẹn, kéèyàn gbé ẹrù ẹ̀ láìjẹ́ kó wúwo fún ẹlòmíì.” Nígbà tí lẹ́tà rẹ sì dé lọ́jọ́ kejì, mo kà á fún wọn. Wọ́n ní kí n tún ojú-ewé kejì kà. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ mi yẹn ní làákàyè jù mí lọ, mo sì rẹ́rìn-ín.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ pẹpẹ ilé ìdáná sílẹ̀. O mọ̀ pé Màmá mi kúrú. Ó di ọdún méjìdínlógójì tí Bàbá ti ń bá wọn nawọ́ gbé ìkòkò ńlá láti òkè, tí wọ́n á sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n tó gbé e fún wọn. Báyìí, wọ́n ń tú pẹpẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kàn án mọ́ ibi tí ọwọ́ Màmá lè tó. Màmá ní ojú káfíńtà ti wá là, ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kọ́ Màmá bí wọ́n ṣe ń yí gáàsì. Wọ́n parí àga gbogbo oníbàárà tó ti pẹ́ nílẹ̀, wọ́n fi orúkọ sára kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi náà rí gbogbo rẹ̀. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ọ, torí mi ò lè jẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn: mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lọ́jọ́ kan, oòrùn ń tàn wọlé, Bàbá ń kan ìṣó, Màmá di ẹsẹ̀ àkàbà mú, mo sì ń sọ nínú ọkàn mi pé ibí yìí ì bá dára nínú fíìmù. Omi bọ́ lójú mi, ó sì dùn mọ́ mi. Ikún ń jọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yọ. Bàbá kì í ra ìwé ìkọ̀wé. Ẹ̀yìn bébà yòówù tí ọwọ́ wọn bá bà ni wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n igi sí, èmi ni mo sì máa ń kà á sókè fún wọn tí wọ́n bá ń sàmì sára pákó. Wọ́n na bébà kan sí mi láì wò ó. Mo ka ìwọ̀n pẹpẹ tó kẹ́yìn, mo yí i padà láti mọ̀ bóyá ìwọ̀n kù lódì kejì. Ilé ìwòsàn ló kọ ọ́. Kókó kan wà nínú ìfun wọn, wọ́n ti dá ọjọ́ fún iṣẹ́ abẹ, a retí yín, a kò rí yín. Ọjọ́ tí wọ́n dá ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé Àbámẹ́ta tí a wo fíìmù. Ayùn ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n ń dúró kí n ka iye tó kù.

Wọn ò bínú nígbà tí mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn wọṣọ lọ́jọ́ yẹn, àwọn dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn, ni àwọn bá rántí atukọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí Màmá rí àwọn lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rọ́bà nímú. Mo kúnlẹ̀ sórí ẹ̀rún igi, mo ní fíìmù lásán ni, mo ní mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi.

“Ohun tóo sọ kóo tó mọ̀, òun ni òótọ́. Èyí tóo ń sọ yìí, ẹ̀rù ló ń sọ ọ́.”

Ẹyin lohùn, ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni mo jù ú sílẹ̀, mi ò sì rí i ṣà.

Lánàá, mo lọ bá dókítà. Ó ní kókó náà ti tóbi sí i, àmọ́ ọ̀nà kò tíì dí pátápátá. Wọ́n ti fi bẹ́ẹ̀dì kan pamọ́ di ọjọ́ Ajé. Ó ní tí ọjọ́ Ajé bá kọjá, kí n má ṣe gbọ́kàn lé ohunkóhun tí òun bá sọ mọ́. Bàbá ní àwọn ò lọ. Wọ́n mú mi búra pé Màmá ò ní gbọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo tún ìparí fíìmù yẹn wò. Mi ò mú ìnujú kankan. Wá gbọ́ ohun tí a ò rí: àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà ti bó. Kì í ṣe ọkọ̀ ló ń wà, omi ló ń lù. Èrò kan bi í pé ọkọ rẹ̀ dà, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò pe orúkọ rẹ̀. A ní àlàáfíà ni. Irọ́ ni. Ìbínú ni, ọ̀rẹ́ mi. Ọkọ rẹ̀ ló dá pinnu fún un, ó sì lọ kí obìnrin náà tó lè jà.

Jọ̀ọ́, tún un wò lónìí. Bí o bá rí ohun tí mo rí, kọ lẹ́tà sí Bàbá, fúnra rẹ, ní orúkọ wọn. Wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tèmi mọ́, àmọ́ wọ́n gbà pé ojú rẹ ríran. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ṣì í wò, àwa méjèèjì. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ń padà bọ̀ ní àárọ̀ Àbámẹ́ta. Fi lé e lọ́wọ́, má fi sí ibòmíràn.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Kí ìyá ọkọ rẹ dáadáa, sọ fún wọn pé ìbéèrè wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́. Màmá ní kí n kí ọ. Wọ́n wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń kọrin, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ọkọ àwọn ti di èèyàn gidi.

Tí lẹ́tà rẹ ò bá dé, ní ọjọ́ Àìkú, èmi yóò yẹ ìbúra mi. Èmi yóò sọ fún Màmá lójú Bàbá. Wọ́n lè má dárí jì mí láé, ṣùgbọ́n kí Màmá bínú sí wọn nísinsìnyí tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Èmi ni tìrẹ, tí ojú rẹ̀ gbẹ lónìí,
Onínujú.