Ẹ Má Mikàn Nítorí Mùíz

Màámi, ẹ káàárọ̀. Èmi Hamdalah ni mo ń fi ohùn yìí ránṣẹ́ láti Ìdímù. Ẹ má mikàn, ara àbúrò mi Mùíz ti ń yá. Oògùn tírámádọ̀ tó ń gbé mì kó lè máa ránṣọ Iléyá láìsùn ló fa gìrì tó mú un nídìí máṣíìnì. Dókítà ní tó bá tún lò ó, ó lè má jí mọ́. Ó jẹ ẹ̀kọ lánàá, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo kàn tilẹ̀kùn mọ́ ọn ni, kó má bàa lọ ra oògùn náà mọ́. Òun lẹ ń gbọ́ tó ń gbá a yẹn, eré ló ń ṣe. Mùíz, kí Màámi. Ó ní kẹ́ ẹ bá òun bẹ̀ mí, kí n ṣílẹ̀kùn. Ó ń kí yín ṣá. Ẹ bá wa kí Bàbá.