Eyín Méjì Tó Sọnù Nínú Ẹ́ńjìnnì

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ariwo ẹ̀rọ ata, ẹ kú ìfaradà ọ̀wọ́n epo. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Mo kí Bàbá. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Sístà Bọ́lá, tí wọ́n máa ka ìwé yìí sí yín létí. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti bá a, tí n kò fi í sínú àpò ìwé. Mo ní ìdí, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òtútù ibí yìí ṣáà ni kò mọ àlejò. Etí ló kọ́kọ́ ń gé jẹ. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé èèyàn lè ṣiṣẹ́ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àbámẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má kí i pé ó kú iṣẹ́. Nígbà míì, mo máa ń kí ara mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Etí òkun ni mo wà, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Káfíńtà ọkọ̀ ni ọ̀gá mi. Igi ló mọ̀, kò mọ irin. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún un pé mo mọ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì dénú.

Bàbá àgbàlagbà kan wá gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, ọkọ̀ onígbòkun tó ti gbó, tó ní ẹ́ńjìnnì kékeré fún ọjọ́ tí kò bá sí afẹ́fẹ́. Dúrọ́ọ̀mù omi lẹ̀yin fi ń tu ẹ́ńjìnnì yín lára. Eléyìí, omi òkun ló ń fà wọlé, tó sì ń tú u jáde nídìí ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan, eléyín mẹ́fà, ló ń yí nínú pọ́ǹpù tó ń fa omi náà. Mo rí i pé ó ti bàjẹ́, mo yọ ọ́, mo fi tuntun sí i, mo ju ti àtijọ́ nù. Mo tún ń súfèé.

Háà, Màámi! Bàbá náà ò tíì kúrò ní èbúté tán tí ẹ́ńjìnnì fi gbóná kọjá ààlà, tí èéfín gba gbogbo ibẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fi wọ́ ọ padà, gbogbo ayé ń wò mí. Ọ̀gá mi ò pariwo o. Ó kàn ní tí n kò bá rí ohun tó ṣe é kó tó di Ọjọ́ Ẹtì, òun ò ní fọwọ́ sí ìwé tí ìjọba fi máa gbà kí n máa ṣiṣẹ́ lọ. Ìyẹn ni pé kí n di ẹrù mi, kí n máa bọ̀ nílé lọ́wọ́ òfo.

Mo wo ibi tó ń fa omi, bóyá ewéko òkun ló dí i. Kò sí nǹkan kan. Mo pààrọ̀ bẹ́líìtì. Mo tú kẹ̀kẹ́ tuntun wò, ó pé pérépéré. Síbẹ̀, omi tó ń jáde ò ju ìtọ̀ ọmọ ọwọ́ lọ. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo jókòó ti ẹ́ńjìnnì náà, omi ń bọ́ lójú mi.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọjọ́ tí irin já nínú ẹ̀rọ yín, tó bọ́ sínú ata oníbàárà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ní kí àwọn èrò máa lọ, ẹ da gbogbo ata sórí asẹ́, ẹ ní kí èmi àti Sístà Bọ́lá máa fi ìka wá a. Mo ní ṣé a ò kàn lè fi irin tuntun sí i ni. Ẹ ní ohun tó já kò lọ sọ́run, ibì kan ló wà, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ inú ọmọ ọlọ́mọ. Ata ta mí lọ́wọ́ títí di ọjọ́ kejì.

Mo fò dìde. Mo ki orí bọ garawa ìdọ̀tí títí mo fi rí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ náà. Mo ka eyín rẹ̀: mẹ́rin! Méjì yòókù dà? Omi ti gbé wọn lọ. Mo ti ẹnu omi pa, mo tọ rọ́bà omi láti ìdí pọ́ǹpù dé àpótí irin kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ rẹdiétọ̀ fún un, mo ṣí i. Àwọn méjèèjì rèé, wọ́n há sẹ́nu ọ̀nà. Mo fi ẹmú yọ wọ́n. Bí a ṣe tan ẹ́ńjìnnì báyìí, omi tú yàà! Igbe tí mo ké, òòlù bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Màámi. Ẹ ṣeun. Mo dúpẹ́ ata tó ta mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá mú ìwé jáde. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé ta ló kọ́ mi níṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó mú bírò dání, ó ń wò mí. Ọkàn mi lọ sí ọjọ́ tí ẹ gbé oúnjẹ wá fún mi ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí ata kún aṣọ yín, tí mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé ni. Ẹ gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ ọ. Ẹ gbé oúnjẹ lé mi lọ́wọ́, ẹ ní kí n jẹ ẹ́ kó má tutù, ẹ sì lọ. Títí dòní, ẹ ò bá mi sọ ọ́ rí.

Ojú èrò ni mo ti sẹ́ yín; ojú èrò náà ni mo ti ń bẹ̀ yín. Màámi, ẹ dárí jì mí. N kò jẹ́ la orúkọ yín mọ́ yín lórí láyé, ṣùgbọ́n mo pè é fún òyìnbó lọ́jọ́ náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kọ ọ́ tán. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe. Mo ní ẹ ń lọ ata ní Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀. Ó kọ ìyẹn náà, ó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, a ó fojú kan ara wa láyọ̀.

Èmi ni ọmọ yín, ọmọ Ìyá Ẹlẹ́rọ,
Gbóyèga