Apá Ọkùnrin Tó Ń Ju Bọ́ọ̀lù

Auntie Bernice, ẹ kú iṣẹ́ orí rédíò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka orúkọ mi. Glyndon Estate ní London níbí ni mò ń gbé.

Cleaner ni mí níbi tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kan, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, ti ń ṣe training. Ẹ̀ẹ̀mẹrin léraléra ni wọ́n ti pàdánù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Thamesmead, tá a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Uncle Ṣùpọ̀ ní quarterback wọn, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ló mọ̀ọ́mọ̀ ń ba eré wọn jẹ́. "Kí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀!"

Ṣùgbọ́n ní Tuesday, mo rí ọkùnrin náà tó ń fọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ sórí tábìlì. Ó rí mi. Ó ní, "Ma'am, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí nǹkan kan. Wọ́n á dá mi padà sí Amẹ́ríkà." Coach, ẹni tó ń kọ́ wọn, ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ara ẹ̀ le koko. Mo fura pé coach náà mọ̀ pé apá ẹ̀ ò dáa, bí mo bá sì sọ ọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Sunday, Uncle Ṣùpọ̀ kọjú sí mi: "Ìwọ tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, kí lo rí?"

Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Àtìgbà yẹn ló ti ń wò mí bíi pé mo lọ́wọ́ nínú ẹ̀.

Wọ́n tún fẹ́ kó ju bọ́ọ̀lù ní Saturday yìí. Bí apá yẹn bá kán ńkọ́? Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé àṣírí ọkùnrin yìí ni mò ń bò, àbí iṣẹ́ mi ni mò ń dáàbò bò?