Fèrèsé Ilé Jorrit

Ẹ̀gbọ́n mi Geesje,

Ṣé òtútù Kánádà ń ṣe yín jẹ́jẹ́? Ara tèmi le koko bí ọta. Èmi nìkan ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin káàkiri lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Mo gun ilé aago ṣọ́ọ̀ṣì ní Utrecht, mo jẹ ẹja tútù pẹ̀lú àlùbọ́sà ní Leiden. Mo gbádùn gan-an.

Ní Deventer, mo kàn ń gba iwájú ilé Jorrit ọmọ mi kọjá ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nílùú wa níbí, a kì í fa kọ́tìnnì bo fèrèsé. Mo rí àwọn àna rẹ̀ tí wọ́n jókòó yíká, tí Fenna, ọmọ-ọmọ mi, dé adé ọjọ́ ìbí láàárín wọn. Ọmọ náà rí mi, ó juwọ́ sí mi. Ni Jorrit bá sáré jáde.

"Màmá! Ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ń bọ̀."

"Ta ló ní mò ń bọ̀? Ibùdókọ̀ ni mò ń lọ."

"Ẹ̀yìn yín ni ibùdókọ̀ wà, Màmá."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín. Ó wé kéèkì díẹ̀ fún mi. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti jẹ ẹ́, ní apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò fẹ́ ariwo, níbi tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Nílé wa, bí ọmọ bá ń ṣọjọ́ ìbí, a máa ń kí ìyá àgbà rẹ̀ náà kú oríire. Tí ẹ bá ń fèsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí mi. Ẹnikẹ́ni ò tíì kí mi.

Àbúrò yín,
Wietske