Ẹ Nu Sípánà Kúrò, Ọkọ̀ Di Ọkọ

Ilé Iṣẹ́ Mẹkáníìkì Obìnrin,
Ẹ̀yìn Ilé Epo.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Oníbàárà,
Ilé Iṣẹ́ Atẹ̀wòrán-sáṣọ.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ ÀMÌ OHÙN TÍ Ẹ NÙ DÀNÙ LÓRÍ ÀWÒRÁN WA

1. Àbúrò màmá mi ni mẹkáníìkì tí àwòrán rẹ̀ wà lórí aṣọ tí ẹ ń tẹ̀. Èmi ni mo yà á. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: Ẹ FI ỌKỌ̀ YÍN SÍLẸ̀ FÚN MI, KÍ Ẹ FỌKÀN BALẸ̀.

2. Gbogbo òfin yín ni mo tẹ̀ lé. Ẹ ní kí fáìlì fẹ̀, mo mú un fẹ̀. Ẹ ní kí ẹ̀yìn àwòrán ṣófo, kó má baà dà bí ẹni lẹ páálí mọ́ àyà. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi yọ funfun kúrò láàárín irun àǹtí mi, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ ṣì dá a padà lẹ́ẹ̀mẹrin.

3. Àmì ohùn tó wà lórí ọ̀ tó kẹ́yìn "ọkọ̀", sípánà kékeré ni mo fi ṣe é. Ó dagun wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo gbà pé àrà ni mo dá, ṣùgbọ́n ẹ kò béèrè. Ẹ kàn kọ̀wé pé: "A rí ìdọ̀tí kan lórí àwòrán yín, a ti bá yín nù ún." Mo rò pé eruku ni. Mo tilẹ̀ dúpẹ́!

4. Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá ra aṣọ lẹ máa ń fi í ránṣẹ́ sí tààrà, nítorí náà a kò fojú kàn án. Awakọ̀ mọ́kànlá ti wọ̀ ọ́ délé. Ìyàwó ọ̀kan gbé aṣọ náà wá bá àǹtí mi, ó ní ọkọ òun kò tíì bàjẹ́ débi tí wọ́n ń gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Òmíràn béèrè bóyá òótọ́ ni, kí òun lọ mú tòun wá.

5. Àǹtí mi ní èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ mi kò sì dùn ún rò. Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo fi ohùn onílé pe àǹtí mi lórí fóònù pé kí wọ́n kó jáde. Ìyẹn, èmi ni. Èyí kì í ṣe èmi. Oṣù tó ń bọ̀ ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, nítorí ilé ìwé ti sú mi, èmi náà ti sú ilé ìwé. Aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n rán fún mi ni wọ́n fi ń nu ọ́ílì báyìí.

6. Mo pe ọ́fíìsì yín. Òṣìṣẹ́ yín jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ yín ló nù ún. Mo gbé fóònù sí àǹtí mi létí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní: "Ohùn ta lo tún ń sín jẹ yìí?" Bẹ́ẹ̀ ẹnu mi wà ní pípadé níwájú wọn!

7. Lẹ́tà kan péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, tó ní òǹtẹ̀, tó sọ pé ẹ̀yin lẹ nù ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ àmì ohùn rẹ̀ wò dáadáa. Bí ẹ bá kọ "ọkọ" níbi tó yẹ kó jẹ́ "ọkọ̀", wọn yóò ní èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ má sì pè wọ́n lórí fóònù.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, láì sín ẹnikẹ́ni jẹ,
Asínnijẹ,
Ayàwòrán, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, bí ẹ bá kọ̀wé.