Kẹ̀kẹ́ Àfẹsẹ̀tì Ìyá Wa Ti Di Oníná

                                                            Ojúlé Kọkànlá,
                                                            Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì,
                                                            Ìsàlẹ̀ Òkè.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń yọ wọ́n lẹ́nu lọ́jọ́sí ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tí yóò jókòó sẹ́bàá fèrèsé ọkọ̀? Ẹ bá mi fà wọ́n létí ọ̀tún, kí ẹ sì sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ wá fa tòsì fúnra mi. Ẹ̀yin náà ńkọ́, ẹ̀yìn tó máa ń dùn yín? Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín, bẹ́ẹ̀ ẹ ò lè tẹ̀ mú bàtà. Tiwa níbí dára. A jí, a yó, a sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n mi, lórí fóònù ẹ kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí ẹ fi máa ń dá ẹjọ́. Bébà ni mo fẹ́, torí kò sẹ́ni tó lè já lu ọ̀rọ̀ bébà. Ìdí kan tún wà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ ní láti kà á débẹ̀.

Ẹ ò ní gbàgbé àdéhùn wa. Lọ́jọ́ tí dókítà eegun wo orúnkún ìyá wa tó ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ onípákó tí wọ́n fi ń kiri búrẹ́dì mọ́, pàápàá jù lọ ní òkè, ẹ̀yin ní ọ̀rọ̀ ti parí: ẹ ó gbé ọkọ̀ wá, ẹ ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ yín. Ẹ ti kun yàrá sílẹ̀, ẹ ti ra bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo la ẹnu gbàgà pé kí ẹ fún mi di ìparí oṣù kẹta, pé màá sọ kẹ̀kẹ́ náà di oníná. Ẹ rẹ́rìn-ín débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ wá ní bí ìyá bá lè fi kẹ̀kẹ́ yẹn gbé búrẹ́dì gun òkè dé pósófíìsì láì di orúnkún mú, ẹ̀yin ò ní sọ̀rọ̀ náà mọ́ láéláé. Mo di gbólóhùn yẹn mú ṣinṣin.

Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni bí ilé ti rí lẹ́yìn ìyẹn. Ìyá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n fọ apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n sì dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ṣì ń jí ní ìdájí bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á padà sínú ilé. Ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi. Ẹ̀yin tí ẹ jìnnà, orúnkún lẹ rí. Èmi tí mo ń bá wọn gbélé, ìyá tí kò níbi tó ń lọ mọ́ ni mo rí.

Mo kúkú mọ̀ pé ẹnu dùn ń ròfọ́. Fáànù, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ni mo ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò tíì tú kẹ̀kẹ́ rí. Ṣùgbọ́n iná ni iná ń jẹ́, ohun tó bá sì ń yí, mo mọ èdè rẹ̀. Mo ra ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan tí ẹ́ńjìnnì kékeré wà nínú ikùn rẹ̀, mo ra bátìrì tó gùn tó búrẹ́dì kan, pẹ̀lú àpótí kékeré tó ń pín iná, àti ọwọ́ rọ́bà tí wọ́n ń lọ́ bíi ti alùpùpù. Mo yọ ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ ìyá, mo fi tuntun yìí rọ́pò rẹ̀. Wẹ́dà ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí ẹ máa ń pè ní Eyín-ò-bò, bá mi jó àpótí irin mọ́ abẹ́ pákó tí ìyá máa ń dúró lé, ibẹ̀ la gbé bátìrì sí kí òjò má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo so wáyà tó kẹ́yìn, mo fi inú dídùn lu wẹ́dà lẹ́yìn, ó sì ní ká kọ́kọ́ dán an wò ná.

Mo pe gbogbo ilé sí àgbàlá. Mo dúró lórí pákó bí ọ̀gá, mo na àyà, mo lọ́ ọwọ́ rọ́bà. Ẹ̀gbọ́n mi, kẹ̀kẹ́ sáré o, àmọ́ ẹ̀yìn ló sáré lọ. Ó gbé mi gba àárín aṣọ tí ìyá sá kọjá, ó gbé mi kọlu báàfù ìfọṣọ, mo sì jókòó sínú omi ọṣẹ. Mo ti gbé ẹsẹ̀ náà sí i sódì ni. Ẹ̀gbẹ́ tí wáyà ti ń jáde, tó yẹ kó wà lósì, mo kọ ọ́ sí ọ̀tún. Bí fáànù bá yí sódì, ohun tó burú jù ni kí ó máà fẹ́ atẹ́gùn. Ta ló wá sọ fún mi pé kẹ̀kẹ́ máa ń gbé èèyàn dání? Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Èmi tí mo fi ẹ̀yìn ṣubú, mi ò mọ ibi tí ǹ bá wò. Ìyá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú, omi ń bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ àdéhùn wa, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn. Bí wọ́n bá ní kí n tún ṣubú báyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, màá ṣe é tayọ̀tayọ̀.

Mo tún un ṣe, kẹ̀kẹ́ sì gbọ́n, ó ń lọ síwájú bí ọmọlúàbí. Ìyá kọ́kọ́ ní àwọn ò lè gun nǹkan tó ń kùn bí ẹ̀fọn. Nígbà tó yá, a ò rí wọn sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Wọ́n á yí àgbàlá po, wọ́n á yí i po, wọ́n á ní kí n kúrò lọ́nà. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí pákó. Ẹ ṣáà mọ bí kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe rí tẹ́lẹ̀: kò ní ìjókòó, kò ní pẹ́dà, ẹsẹ̀ kan á wà lórí pákó, èkejì á máa ti ilẹ̀ sẹ́yìn. Gbogbo ìgbà tí èyí tó wà nílẹ̀ bá ń tì, èyí tó wà lókè ní láti tẹ̀. Bí orúnkún yẹn ṣe jẹ nìyẹn. Ní báyìí, kò tẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣí ojú apẹ̀rẹ̀ sókè. Ilé búrẹ́dì kó o kún fún wọn, wọ́n gbéra. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi padà dé. Inú mi ń dùn pé oníná mà yá o, àfi ìgbà tí mo wo inú apẹ̀rẹ̀. Búrẹ́dì kún ibẹ̀ bámúbámú. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ wọlé, wọ́n sì bọ́ bàtà. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ló rí. Mo rò pé àwọn oníbàárà ti rí ẹlòmíràn. Mo so agogo mọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń ró gooro, síbẹ̀ wọn ò jáde, nítorí ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ ní agogo, gbogbo ọmọ tó ní kẹ̀kẹ́ láàárín ìgboro náà ló ní i. Ìyá ní bóyá ó ti tó àkókò láti lọ wo bẹ́ẹ̀dì tuntun tí ẹ rà. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí wọ egungun. Mo ti ń rí ọkọ̀ yín lójú mi.

Bàbá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, èyí tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ló tú àdììtú náà. Wọ́n gbé fáànù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n wá ń béèrè pé ṣé ara ìyá ò tíì yá ni. Mo ní, "Bàbá, àràárọ̀ ni ìyá ń gba iwájú ilé yín kọjá."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Wọn ò kọjá o, ọmọ mi. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ju sípánà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá. Gbá, gbá, lẹ́yìn náà ṣììì, bí kẹ̀kẹ́ bá ń yọ̀ lọ. Ẹ rántí bí a ti máa ń gbọ́ ọ láti ìta nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí ẹ̀yin á sáré nu ṣúgà kúrò lẹ́nu, tí èmi á ti gbé ìwé sójú? Ohun kan náà ni gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Òun ló ń jí bàbá tíṣà, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ pé kí wọ́n gbé omi tíì kaná. Èmi onímọ̀ ẹ̀rọ wá kó iná sí kẹ̀kẹ́, ìyá sì di ológbò, wọ́n ń kọjá lójú pópó tẹ́nìkan ò gbọ́.

Kíá, mo ti ní ọgbọ́n tuntun. Mo fẹ́ gba ohùn ẹsẹ̀ náà sínú ẹ̀rọ, kí n so sípíkà kékeré mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́, kó máa ké gbá, gbá kiri. Mo fi tagbáratagbára ṣàlàyé fún ìyá. Wọ́n wò mí títí mo fi parí.

Wọ́n ní, "Onífáànù, ṣé ẹsẹ̀ tèmi ti kú ni, tó o fi fẹ́ fi ẹ̀rọ rọ́pò ẹ̀?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sẹ́yìn alùpùpù wẹ́dà, a tẹ̀ lé wọn lókèèrè. Ojú ọ̀nà gbalasa, ẹ́ńjìnnì ló ń gbé wọn lọ, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí pákó. Bí wọ́n ti dé ẹnu àdúgbò àkọ́kọ́, wọ́n dẹ ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n nàró ṣánṣán, wọ́n sì sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀. Gbá, gbá. Wọn ò ti nǹkan kan, wọ́n kàn kan ilẹ̀ bí ẹní kan ilẹ̀kùn. Ṣììì. Ẹ bá gbọ́ bí ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Bàbá tíṣà ló kọ́kọ́ jáde, àwo lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, ìyá, ìrìn àjò yín mà pẹ́ o." Kí a tó yí igun kejì, apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo. Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè fi ìdúró rí i. Ti ìyá wa, lórí ìdúró náà ni wọ́n ti rí i. Mo sunkún lẹ́yìn alùpùpù wẹ́dà, mi ò ní purọ́ fún yín. Eyín-ò-bò ní atẹ́gùn ló kó sí òun náà lójú.

Mo mú wọn lọ rí dókítà eegun, kí ẹ má bàa ní mo fi orúnkún ìyá ta tẹ́tẹ́. Ó tẹ orúnkún náà, ó rí i pé wíwú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n dúró lórí kẹ̀kẹ́ kí wọ́n kan ilẹ̀ lójú òun, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí orúnkún òkè ò bá ti tẹ̀, kí wọ́n máa kan ilẹ̀ wọn lọ.

Òkè nìkan ló wá kù. Èmi ti fi àpò iyanrìn dán an wò, kẹ̀kẹ́ gùn ún láì mí hẹlẹ. Ṣùgbọ́n ìyá ò tíì gùn ún. Wọ́n ní àwọn ò ní gun òkè lásán nígbà tí ẹni tó pe àwọn níjà ò sí níbẹ̀, àfi kí n kọ lẹ́tà sí i, kí àwọn gbé e sáàárín búrẹ́dì, kí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn jù ú sínú àpótí pósófíìsì. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Wọ́n ti wọ bàtà báyìí, wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń béèrè pé ṣé ìwé ni mò ń kọ ni àbí ilé ni mò ń kọ́.

Wọ́n ní kí n kí yín, kí n kí ìyàwó yín, kí àwọn ìbejì má fò lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, torí àwọn ń bọ̀ wá sùn lórí rẹ̀ nígbà ìsinmi, àwọn á sì padà sílé. Kí ẹ bá àwọn fi ihò iná kan tí a ó máa ki wáyà bátìrì bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, torí àwọn àti kẹ̀kẹ́ ni yóò jọ wá. Bàbá tíṣà kí yín, wẹ́dà náà kí yín, ó ní òun ti gbọ́ orúkọ tí ẹ sọ òun.

Mi ò mọ bí òkè yóò ti rí láàárọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé bébà yìí sí imú: bí ó bá ń ta sánsán búrẹ́dì, tí ó sì wà lọ́wọ́ yín, a jẹ́ pé ìyá wa ti gùn ún dé òkè.

Èmi ni àbúrò yín tó gun kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn,

Onífáànù.