Mo Ti Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ Sétí Òkun

Sjoukje ọmọ mi,

Látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní ìbàdí lo ò ti jẹ́ kí n gun kẹ̀kẹ́. Ìwé nípa fàájì kẹ̀kẹ́ gígùn lo rà fún mi dípò. Mo kà á tán láàárọ̀ yìí, ara mi ò gbà á mọ́: mo gun kẹ̀kẹ́ rẹ dé orí afárá! Wiebe aládùúgbò wa pariwo, "Mọ́mì, ẹ ò ní ṣubú báyìí?" Mo ní, "Ìwọ ṣáà yà lọ́nà!"

Mo ti forí lé etí òkun. Má bínú. Ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò. Má fi mọ́tò wá mi wá o. Kẹ̀kẹ́ tèmi wà lẹ́yìnkùlé. Fi afẹ́fẹ́ sí táyà rẹ̀, kó o máa bọ̀.

Ìyá rẹ